Ta Ló Wà Nílé Bianca Àbẹ̀kẹ́?

Ẹ jókòó ná. Ẹ má fojú yẹn wò mí, mi ò tíì kú. Ẹsẹ̀ ló wú, tí mo bá sì gun àtẹ̀gùn ilé yìí, èémí mi máa ń há. Dókítà tí ẹ fẹ́ gbé mi lọ bá kò ní í sá lọ kí n tó wọ ìbọ̀sẹ̀ mi tán. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gbogbo nǹkan lẹ máa ń kánjú ṣe, àfi kí ẹ jókòó ti àgbàlagbà. Ẹ ní ọmọbìnrin kan tí ẹ ò mọ̀ rí ló pè yín láti England, tó ní kí ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa ní Padova wá gbé Màmá Àgbà tó ń gbé ní Arcella lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ má sì gbà tí mo bá ní ara mi le. Ẹ wá ń bi mí pé kí lọmọ náà jẹ́ sí mi. Èmi kọ́ ni mo bí i. A ò tiẹ̀ bára tan rárá. Ẹ jẹ́ kí n máa múra, kí n máa sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi, mi ò ní agbára pé mò ń tún un bẹ̀rẹ̀.

Ilé tí ẹ rí tó pa lọ́lọ́ yìí, kì í pa lọ́lọ́ nígbà kan. Lásìkò yẹn, nínú àwọn obìnrin wa, àwọn kan ń tọ́jú arúgbó ní casa di riposo, àwọn kan ń di ẹrù ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan lẹ́bàá Verona, ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń wọ̀. Kò sẹ́ni tó lè délé kí ọmọ tó dé láti ilé ìwé, nítorí náà ibí ni gbogbo wọn ń bọ̀. Ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ bàtà wọn lórí àtẹ̀gùn, gìrìgìrì, ẹ óò wá gbọ́ Signora Ines tó ń gbé ìsàlẹ̀, tó ń fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà: gbà, gbà, gbà. Màá ní kí wọ́n gbé dòdò díẹ̀ lọ fún un. Á dákẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń bọ́ bàtà sí, lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ kan á wọ ọ̀tún tirẹ̀ àti òsì ti ẹlòmíràn lọ sílé, ìyá rẹ̀ á wá máa bínú sí mi lórí fóònù bí ẹni pé èmi ni mo jí bàtà.

Àwo ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, kó tó mọ̀, ẹran ti tán. A kì í ti ilẹ̀kùn pa lọ́sàn-án. Ẹni tó bá dé á ṣí i wọlé, á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á sì wábi jókòó sí. Lónìí ńkọ́? Tó o bá fẹ́ lọ kí ènìyàn, wàá kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Wàá rí i pé wọ́n ti kà á. Wọn ò ní í dáhùn.

Ìgbà Carnevale ni ìtàn Bianca bẹ̀rẹ̀, nígbà táwọn ọmọ máa ń fi ìbòjú ṣeré káàkiri ìgboro. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní magazzino Verona tí mo wí yẹn. Ṣẹ́gun dé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìbòjú funfun tó ní àgógó gígùn bíi ti lékèélékèé. Ọmọ kékeré kan rí i, ó tọ̀ sára. Mo ní irú ẹyẹ wo lèyí. Ó ní dókítà peste ni, àìsàn tó pa ìlú run láyé àtijọ́. Mo ti mọ peste kó tó dé o. Signora Elda, ìyá arúgbó tí mo tọ́jú títí ó fi kú, tíṣà ni kó tó darúgbó, òun ló máa ń sọ ọ́ fún mi tí mo bá ń ya irun rẹ̀. Kí ọmọ tó ń sunkún yẹn lè dákẹ́, mo ní kí gbogbo wọn jókòó. Mo ní àlọ́ o. Wọ́n ní àlọ̀. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, Yorùbá tó dá ṣáká lẹ́nu wọn kò ju ìyẹn lọ. Èmi ń sọ Yorùbá, àwọn ń fi Italian dá mi lóhùn, a sì ń gbọ́ ara wa yé.

Tíṣà Ṣẹ́gun ní ilé ìwé sọ pé kò sí àgógó ẹyẹ lásìkò peste tí mò ń wí, pé ẹ̀yìn ìgbà yẹn pátápátá ló dé. Mo ní kó bá mi kí tíṣà. Ìtàn tèmi ni, ẹyẹ á wà níbẹ̀.

Bí ìtàn náà ṣe lọ rèé. Ọmọbìnrin kan wà ní Padova yìí láyé ìgbà tí odi ṣì yí ìlú ká, Bianca lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ní orúkọ yẹn nìkan kò jọ tiwa, wọ́n bá fi Àbẹ̀kẹ́ kún un. Bàbá Bianca Àbẹ̀kẹ́ lọ ta aṣọ ní Verona, àìsàn dé, wọ́n ti ibodè mọ́ ọn sí ọ̀hún. Abẹ́ abíyá ni àìsàn náà ti ń wú. Ẹni tó jẹun àárọ̀ lè má jẹ tìrọ̀lẹ́. Aládùúgbò wọn kú, ìjọba bá kan ilẹ̀kùn ilé wọn pa, Bianca àti ìyá rẹ̀ wà nínú ilé. Láràárọ̀ làwọn ọkùnrin kan máa ń wá dúró sísàlẹ̀. Wọ́n á pe gbogbo ẹni tó wà nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù á yọjú ní fèrèsé, á fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn. Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n mọ̀ pé ó ti dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n á gbé e lọ sí lazzaretto lẹ́yìn odi, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí àìsàn mú sí. Àwọn tó padà láti ibẹ̀ kò pọ̀. Ìdí nìyẹn táwọn ènìyàn fi ń fi aláìsàn wọn pamọ́, ìdí nìyẹn náà tí òfin kan fi wà: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíràn dáhùn.

A wá sọ ìyẹn di eré. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, màá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, màá ní, ta ló wà nílé? Màá pe orúkọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ní "Presente!" bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ ní kíláàsì. Ṣẹ́gun bá àbúrò rẹ̀ tó wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dáhùn lọ́jọ́ kan, gbogbo ilé bò ó. Wọ́n ní ó ti pa àbúrò rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn, ìtàn dùn débi pé mo gbàgbé ìrẹsì lórí iná, èéfín gba àtẹ̀gùn, Signora Ines pe àwọn panápaná. Ọkùnrin gìrìwò mẹ́ta wọlé tàwọn ti akoto lórí. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìkòkò lásán ni, ọ̀kan nínú wọn fara ti ògiri, ó ní kí n parí ibi tí mo dé. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà yẹn. Àyè wà láyà ènìyàn.

Ọmọ tó pè yín yẹn, Tèmi lorúkọ rẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, tó máa ń jẹ ìdérí bírò. Casa di riposo ni ìyá rẹ̀, Màmá Tèmi, ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀ wà ní Cuneo lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń di èso sínú páálí, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Nígbà tí ìtàn dé ibi tí àìsàn mú ìyá Bianca, gbogbo àwọn ọmọ ní kí Bianca figbe ta. Tèmi ní rárá. Ó ní Bianca á wé gèlè ìyá rẹ̀, á tún padà sójú fèrèsé, á fi ohùn ìyá rẹ̀ dáhùn, wọn ò sì ní í mọ̀. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dáa, ká délé, lọ́la la óò gbọ́ bóyá àwọn ọkùnrin ìsàlẹ̀ mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ti gbogbo ilé ìwé pa, nítorí àrùn tó bo gbogbo ayé lọ́dún náà.

Kí ni mo tún fẹ́ sọ fún yín nípa àsìkò yẹn? Ẹ̀yin náà wà láyé. Tram ń kọjá lófìfo. Ìró ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn nìkan là ń gbọ́, kò sì dákẹ́. Ó rẹ̀ mí láti gbọ́ ọ, títí dòní tó bá kọjá, eyín mi á pa pọ̀. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo ní kí àwọn ọmọ fi mí mọ̀nà lórí fóònù, mo wá ń pe gbogbo ilé pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ta ló wà nílé? Kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan o, mo ní kí tìyá-tìbàbá wọn dáhùn pẹ̀lú. Ojú kọ́kọ́ ń ti àwọn ọkùnrin. Nígbà tó yá, àwọn gan-an ló ń pariwo jù. Màmá Tèmi kì í dáhùn kó má fi ẹ̀rín kún un: presente, ara mi le, lórúkọ Jésù.

Ẹ mọ bí a ṣe rí. A kì í fi ẹnu wa pe àìsàn. Ibà á máa jó ènìyàn lára, á ní ara òun le, àárẹ̀ díẹ̀ ni. Onígbàgbọ́ ò fẹ́ jẹ́wọ́ ibi, Mùsùlùmí á ní àlàáfíà ni, a dúpẹ́. Ọmọ wa ń kọ́ ọ kó tó mọ bí a ṣe ń so okùn bàtà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, òun la fi dúró nílẹ̀ àjèjì. Ẹni tó bá ní ó rẹ òun, ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ òtútù lásán, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọdún yẹn, ó pa wá lára.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo pe ilé Tèmi. Tèmi dáhùn. Mo pe Màmá Tèmi. Ohùn kan ní presente, ara mi le. Ohùn náà ki. Kò rẹ́rìn-ín, kò dárúkọ Jésù.  Mo mọ ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, mo sì mọ gèlè tó wé. Mi ò fẹjọ́ sùn lójú gbogbo ayé. Mo pe àwọn ilé tó kù, mo ní kí wọ́n lọ jẹun, mo wá ní kí Tèmi dúró, kí n parí ìtàn Bianca fún òun nìkan.

 Mo ní àwọn ọkùnrin ìsàlẹ̀ gbà á gbọ́, wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn wọn tí kò lọ. Ó gbójú sókè, ó ní:

"Bianca, mo mọ̀ pé ìwọ lo wé gèlè yẹn. Mi ò ní bá ẹ jà. Sọ bí màmá ẹ ṣe wà fún mi, màá sì dúró sábẹ́ fèrèsé yìí títí bàbá ẹ á fi dé."

 Tèmi fi Italian bi mí bóyá ìyá àgbà náà ò ní jẹ́ kí wọ́n mú Bianca lọ. Ẹ wò ó, gbogbo ìyá wa pátá ló ti fi àwọn assistenti sociali dẹ́rù ba ọmọ rí, pé wọ́n máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí tí kò bá lè tọ́jú rẹ̀. Mo ní kò ní í jẹ́ kí wọ́n mú un. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀. Mo ní kó wo ojú fèrèsé, á rí i. Ìgbà yẹn ló bú sẹ́kún.

"Màmá Àgbà, mamma ò jí. Mo ń pè é, ó ń mí, àmọ́ kò jí."

Láti àárọ̀ ni. Kí ìyá náà tó sùn lọ, ó ti kìlọ̀ fún un pé ẹnikẹ́ni tó bá pè, kó ní ara wa le, torí tí wọ́n bá mọ̀ pé òun ò lè dìde, wọ́n á wá mú un lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó ń fi aṣọ tútù nu ìyá rẹ̀ lórí, ó ń purọ́ fún gbogbo ayé, kò sì jẹun.

Mo pe ọkọ̀ aláìsàn. Mo ró ìró lé sòkòtò òtútù, mo wọ kóòtù, mo jáde. Ọlọ́pàá kékeré kan dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tram, ó ní níbo ni mò ń lọ tí gbogbo ayé wà nínú ilé. Mo ní mò ń lọ dúró sábẹ́ fèrèsé kan. Ó ní kí n padà sílé. Mo ní tó bá fẹ́, kó tẹ̀ lé mi, tí kò bá fẹ́, kó dì mí lọ́wọ́. Ó tẹ̀ lé mi. Nígbà tó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

Àwọn tó wá gbé Màmá Tèmi wọ funfun látorí délẹ̀, ojú nìkan la rí. Tèmi sọ lẹ́yìn náà pé àgógó ẹyẹ Ṣẹ́gun nìkan ló kù tí wọn ò ní. Wọ́n gbé ìyá náà kọjá níwájú mi, ọwọ́ rẹ̀ kan jáde lábẹ́ aṣọ, mi ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé, wọn ò jẹ́ kí ọmọ jáde. Mo rékọjá sí òdìkejì títì. Mo ní, ta ló wà nílé? Tèmi jáde sí bákónì pẹ̀lú omijé, ó ní presente. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, bí a ṣe tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn. Àwọn ará ilé ọ̀hún ṣí fèrèsé, wọ́n kọ́kọ́ rò pé orí mi ti dàrú. Tó bá dìgbà oúnjẹ, ọmọ náà á sọ òjá ìyá rẹ̀ kalẹ̀ láti bákónì, òjá tí wọ́n fi pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, màá so abọ́ mọ́ ọn, á fà á gòkè. Ọbẹ̀ dà lé mi lórí lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà yẹn nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Assistente sociale tí Tèmi ń bẹ̀rù yẹn náà pè é o. Obìnrin olóhùn tútù ni. Ohun tó jẹ ló bi í, ó sì bá bàbá rẹ̀ gba àṣẹ láti wọkọ̀ láti Cuneo. Bàbá náà dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí títì, àárín wa jìnnà, kó tó gòkè lọ bá ọmọ rẹ̀. Mo wá rìn lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹsẹ̀ tí ẹ rí yìí ti ń yọ mí lẹ́nu.

Màmá Tèmi pẹ́ lọ́sibítù, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Nírọ̀lẹ́ tí mo bá ń pe ilé-ilé, mo ń pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú, màá dákẹ́ díẹ̀, gbogbo ilé á dákẹ́, kò sẹ́ni tó bá a dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fún bàbá Ṣẹ́gun, torí àìsàn náà mú òun náà ní magazzino. Lọ́jọ́ kan, Ṣẹ́gun sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí n má pe bàbá òun mọ́. Mi ò pè é mọ́. Ọmọ tó gbé ìbòjú ẹyẹ wá sílé mi. 

Màmá Tèmi dáhùn. Nọ́ọ̀sì kan ló bá a di fóònù mú, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. Presente. Kò fi ara mi le kún un. A sunkún nínú gbogbo ilé.

Ẹ bá mi fa bàtà yẹn wá. Rárá, ìyẹn kọ́, èyí tó fẹ̀.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn ìlú padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣí tirẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan lọ sí Germany. Tèmi àtàwọn òbí rẹ̀ lọ sí England. Àwọn tó kù níbí, ilẹ̀kùn títì ti mọ́ wọn lára, wọ́n ti fún ọmọ ní fóònù, ó ti tó. Signora Ines náà kú, kò sẹ́ni tó ń fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà fún mi mọ́. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ báyìí, mi ò mọ ojú rẹ̀. Ìtàn Bianca ò sì parí. Kò sẹ́ni tó tún bi mí bóyá ìyá rẹ̀ yè tàbí kò yè, èmi náà ò sì ní okun tí màá fi parí rẹ̀ fún ògiri.

Tèmi nìkan ló kù. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń pè mí. Kì í kọ́kọ́ kí mi. Á ní, ta ló wà nílé? Màá ní presente, ara mi le, á wá máa sọ bí ilé ìwé ṣe rí fún mi. Ó ti pẹ́ tí ara yìí ò ti le. Ẹ rí mi. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Kí n sọ fún ọmọ tó wà lókè òkun, kó má lè sùn?

Lánàá, mo dáhùn bí mo ṣe máa ń dáhùn. Kò sọ̀rọ̀ ilé ìwé lọ́tẹ̀ yìí. Mo rò pé fóònù ti já.

"Màmá Àgbà," ó ní, "ẹni tó dáhùn yẹn, ẹ̀yin kọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín dáhùn."

Mo jókòó sórí àga yìí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Mo ní presente, Tèmi. Ara mi ò yá. Mi ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ẹ̀rù ń bà mí, ó sì ti rẹ̀ mí. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Kò sunkún. Ó ní kí n lọ dúró lójú fèrèsé, òun ń rán ènìyàn bọ̀. Ẹ̀yin ni mo wá rí.

Ó dáa, mo ti wọ bàtà tán. Ẹ dì mí mú lápá, ẹ má fà mí. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ohun kan ló kù tí màá bẹ̀ yín. Tí wọ́n bá dá mi dúró sọ́sibítù, fóònù mi á dún nírọ̀lẹ́, òun ni. Tí mo bá ń sùn, ẹ má bá mi dáhùn o. Ẹ jí mi.